Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Tó Ń Já Ṣáá: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tó Ti Ń Já Ká Tó Náwó Sí I

Dátà wà lórí síìmù, iná ẹ̀rọ ń tàn, kọ̀ǹpútà ní òun ti so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ojú ìwé tí ẹ ń wá kò ṣí. Tó bá yá, á ṣí. Kí ẹ tó ka ìlà méjì, ó tún ti dákẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sáré ṣe ni ká ra dátà kún dátà, tàbí ká lọ ra síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, tàbí ká gbé kọ̀ǹpútà lọ bá àwọn tó ń tún un ṣe pé kí wọ́n fọ́mátì rẹ̀. Owó ti lọ, fáìlì ti sọnù, íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń já. Ó máa ń dùn mí, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ilé, ohun tó ń fà á jẹ́ ohun tí èèyàn lè rí fúnra rẹ̀ láìná kọ́bọ̀, tó bá fara balẹ̀ wá a.

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà Windows nílé, tó sì jẹ́ pé orí síìmù ló ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ń bá sọ̀rọ̀: bóyá módẹ́ẹ̀mù tí a ń kì bọ ihò USB, bóyá MiFi (ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fi Wi-Fi pín dátà síìmù), bóyá ráútà 4G, bóyá hotspot fóònù. Àwọn módẹ́ẹ̀mù USB tó ti pẹ́ ṣì máa ń pe nọ́ńbà *99# kí wọ́n tó wọlé, bí módẹ́ẹ̀mù tẹlifóònù oníwáyà ṣe ń pe nọ́ńbà láyé ọjọ́un, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn náà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti ara kọ̀ǹpútà dé ara ẹ̀rọ tí síìmù wà nínú rẹ̀, yálà Wi-Fi tàbí USB. Ọ̀nà kejì ni láti ara ẹ̀rọ yẹn dé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ládùúgbò, nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kẹta ni láti ibi òpó lọ sí ilé iṣẹ́ tó ni ín, àti láti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Èyí tó wù kó já nínú wọn, bákan náà ló ń rí lójú ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà: ojú ìwé kò ṣí. Ṣùgbọ́n oògùn wọn kò jọra rárá. Bí ẹ ra síìmù mẹ́wàá, tó bá jẹ́ Wi-Fi inú ilé ló ń já, asán ni. Nítorí náà, ẹ má yí ohunkóhun padà títí ẹ ó fi mọ èwo nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìṣòro.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yẹ síìmù wò

Ẹ yọ síìmù náà, ẹ fi sínú fóònù, kí ẹ tẹ *323# láti rí dátà tó kù. Láti ọdún 2023 ni NCC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti mú kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lo nọ́ńbà kan náà: *310# fún owó tó kù, *312# fún ríra dátà, *323# fún dátà tó kù, *996# fún ọ̀rọ̀ NIN. Ẹ má wo iye nìkan. Ẹ wo ọjọ́ tí dátà máa kú, kí ẹ sì wo irú dátà tó jẹ́. Òmíràn wà tó jẹ́ ti òru nìkan, òmíràn sì wà fún ìkànnì kan tàbí méjì péré. Iye rẹ̀ á hàn gbangba, àmọ́ kò ní ṣí nǹkan kan fún yín lọ́sàn-án. Àwọn tó ń ra èyí tí wọ́n ń pè ní unlimited náà ní láti mọ̀ pé bí ẹ bá ti lo ìwọ̀n kan, wọ́n máa ń dín eré rẹ̀ kù títí oṣù á fi yí.

Nígbà tí síìmù ṣì wà nínú fóònù, ẹ pa Wi-Fi fóònù náà, kí ẹ jókòó sí ibi tí kọ̀ǹpútà wà gan-an, kí ẹ lo dátà bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ń lọ geere, síìmù àti òpó kò ní ẹ̀bi. Ẹ̀rọ yín tàbí kọ̀ǹpútà ni ká dojú kọ. Bó bá ń já nínú fóònù náà, ẹ ti mọ̀ pé ìṣòro ti kọjá ara kọ̀ǹpútà.

Síìmù tí wọ́n fi abẹ́ gé láti di kékeré máa ń mì nínú ihò, ó sì máa ń já nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ. Èyí tó ti pẹ́ gan-an lè má gba 4G rárá. Ẹ gbé irú wọn lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìyí nọ́ńbà padà. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nu ojú wúrà ara síìmù kí ẹ tó dá a padà.

Tí síìmù bá dára nínú fóònù àmọ́ tí ẹ̀rọ kò fi wọlé, ẹ wo APN inú ẹ̀rọ náà, ìyẹn orúkọ tí ẹ̀rọ fi ń wọlé sórí dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ti MTN ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel ni internet.ng.airtel.com, ti Glo ni gloflat. Lẹ́tà kan péré tó bá yàtọ̀, kò ní wọlé. Ẹni tó ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn sábà máa ń bá APN ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹni yẹn ń lò nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi ping wá ibi tó ti ń já

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Ojú dúdú kan á ṣí. Ẹ kọ ipconfig síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ Default Gateway sí. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ yín. Lára MiFi Huawei, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.8.1, lára ọ̀pọ̀ ti ZTE, 192.168.0.1.

Ẹ wá kọ èyí, kí ẹ fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò tèmi:

ping 192.168.8.1 -t

Ẹ ṣí ojú dúdú kejì, kí ẹ kọ:

ping 8.8.8.8 -t

Àkọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ inú ilé pé ṣé ó wà níbẹ̀. Ìkejì ń béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà Google kan tó wà níta. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sáré lọ, kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín. Odidi wákàtí kan kò ní jẹ tó 1MB. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá wọn dúró, Ctrl àti C ni ẹ máa tẹ̀ pọ̀. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ẹ yíjú sí wọn kíákíá.

Bí méjèèjì bá dákẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń kọ Request timed out tàbí Destination host unreachable, ọ̀nà àkọ́kọ́ ló já: Wi-Fi tàbí USB yín. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 3.

Bí àkọ́kọ́ bá ń dáhùn dáadáa, tí àkókò rẹ̀ kò ju 10ms lọ (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), tí ìkejì sì ń kọ Request timed out, kọ̀ǹpútà yín kò ní ẹ̀bi kankan. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́mátì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbésẹ̀ 4 àti 7 ló kàn yín.

Bí ìkejì kò bá dákẹ́ àmọ́ tí àkókò rẹ̀ ń fò láti 60ms sí 900ms, sí 2000ms, ọ̀nà kò já, ó kún ni. Ìgbésẹ̀ 5 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí méjèèjì bá sì ń dáhùn láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n tí Chrome kò ṣí nǹkan kan, ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ 6.

Ẹni tó ń lo módẹ́ẹ̀mù USB tó ń pe *99# lè má rí Default Gateway gidi, nítorí módẹ́ẹ̀mù náà di ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ping kejì nìkan ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò, kó sì máa wò ó bóyá ìró tí Windows máa ń ké nígbà tí a bá yọ nǹkan nínú USB ń dún ní àkókò tó já. Tó bá ń dún, USB ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Láti kọ̀ǹpútà dé ẹ̀rọ

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sí iwájú MiFi tàbí ráútà, kí ìdènà kankan má sí láàárín wọn, kí ẹ tún ping àkọ́kọ́ wò. Bó bá dára níbẹ̀, tó sì bàjẹ́ nínú yàrá, ògiri àti jíjìn ló fà á. Wi-Fi 5GHz máa ń yára, àmọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì ti tó láti pa á, 2.4GHz ń wọ ògiri dáadáa ju ìyẹn lọ. Ẹ wọ inú ojú ìwé ẹ̀rọ yín kí ẹ yan 2.4GHz fún kọ̀ǹpútà tó jìnnà. Níbi tí ilé ti fún mọ́ra, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní MiFi tirẹ̀, gbogbo wọn á máa bá ara wọn jà lórí 2.4GHz. Níbi tí wọ́n kọ channel sí, ìyẹn ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà, dípò Auto, ẹ yan 1, 6 tàbí 11; àwọn mẹ́ta yìí kì í wọ ara wọn lára. Ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sí èyí tí ping rẹ̀ dára jù.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í fura sí: USB 3.0, ihò aláwọ̀ búlúù yẹn. Háàdì díìsìkì tàbí fláàṣì tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ máa ń tú ariwo jáde sí orí 2.4GHz. Bí Wi-Fi bá ń já nígbà tí ẹ bá ń da fáìlì kọ nìkan, ẹ yọ díìsìkì náà kí ẹ wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Windows tó ń pa Wi-Fi láti fi pa bátìrì mọ́. Ẹ fi bọ́tìnì apá ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ yan Device Manager, ẹ ṣí Network adapters, ẹ tẹ Wi-Fi yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow the computer to turn off this device to save power. Ẹni tó ń lo módẹ́ẹ̀mù USB, ẹ ṣe bákan náà sí gbogbo USB Root Hub tó wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń já lẹ́yìn tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ibí yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ó sì sábà máa ń jẹ́ òun.

Módẹ́ẹ̀mù USB ń fẹ́ iná tó tó. Ihò USB 2.0 kò fún un ju 500mA lọ, módẹ́ẹ̀mù tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jìnnà sì lè fẹ́ ju ìyẹn lọ. Wáyà USB gígùn tó tín-ín-rín ń dín iná kù. Ihò iwájú kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì máa ń jẹ́ aláìlera ju ti ẹ̀yìn lọ. Ihò ẹ̀yìn ni kí ẹ ti módẹ́ẹ̀mù bọ̀ tààrà. Bí Windows bá kọ Error 633, ó túmọ̀ sí pé ètò mìíràn ti di módẹ́ẹ̀mù náà mú tàbí pé kò rí i. Ẹ pa ètò kejì tó ń lò ó, ẹ yọ módẹ́ẹ̀mù, ẹ tún un kì, kí ẹ tún pè.

Ooru náà ń ṣiṣẹ́ ibi tirẹ̀. MiFi tó wà lórí ṣájà látàárọ̀ dalẹ́, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí lójú oòrùn etí fèrèsé, á gbóná títí á fi pa ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé bátìrì rẹ̀ ti wú, tó ń ti ìdérí jáde, ẹ yọ ṣájà lójú ẹsẹ̀, ẹ má lo bátìrì náà mọ́, ẹ má sì gún un. Ó lè gbiná.

Ìgbésẹ̀ 4: Láti ẹ̀rọ dé òpó

Ọ̀pá mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń hàn lórí ẹ̀rọ kò sọ òtítọ́ tó. Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ yín sínú Chrome, ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù tó wà lára ẹ̀yìn ẹ̀rọ wọlé, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP àti SINR sí. Ó sábà máa ń wà lábẹ́ Device Information tàbí Signal. Tí ẹ bá ń lo fóònù Android, ẹ wo Settings, About phone, SIM status.

RSRP ni bí ohùn òpó ṣe ròkè tó. SINR ni bí ohùn yẹn ṣe borí ariwo ọjà tó yí i ká. Nọ́ńbà RSRP máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, nítorí náà -85 dára ju -110 lọ. Láti -80 sókè, ó dára púpọ̀. Láàárín -90 sí -100, ó ṣeé lò. Bó bá ti kọjá -110 sísàlẹ̀, jíjá kò lè tán. SINR tó ju 20 lọ dára gan-an. Tó bá wọ ìsàlẹ̀ òdo, íntánẹ́ẹ̀tì á máa fà bí RSRP tilẹ̀ dára. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ọ̀pá tó kún tí ojú ìwé kò sì ṣí.

Ẹ mú bébà. Ẹ gbé ẹ̀rọ sí ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ilé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn: orí wọ́dúróòbù, etí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, òkè àtẹ̀gùn, pálọ̀. Ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì níbì kọ̀ọ̀kan kí nọ́ńbà tó dúró sójú kan, kí ẹ kọ RSRP àti SINR sílẹ̀. Páànù orí ilé, fíríìjì, táńkì onírin àti dígí ńlá máa ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀. Fèrèsé tó dojú kọ òpó ló sábà máa ń borí, ilé òkè sì máa ń dára ju ìsàlẹ̀ lọ. Sísún ẹ̀rọ láti igun yàrá lọ sí etí fèrèsé lè gbé RSRP sókè ní 10 tàbí 15, ìyẹn sì pọ̀ gan-an. Kò sí síìmù tuntun tó lè fún yín ní irú ẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá ń fò láti 4G sí 3G, kó tún padà, gbogbo ìgbà tó bá fò ni yóò já. Ẹ lọ sí Network Mode kí ẹ yan 4G only. Lórí fóònù, ẹ rántí pé èyí lè má jẹ́ kí ìpè wọlé bí VoLTE, ìyẹn ìpè orí 4G, kò bá ṣiṣẹ́. Lórí MiFi, kò sí ewu. Ẹni tó jìnnà sí òpó, bíi lẹ́yìn ìlú tàbí lóko, tí ráútà rẹ̀ sì ní ihò áńténà, lè ra áńténà olójú kan tó ní wáyà méjì, kó gbé e sókè òrùlé, kó kọ ojú rẹ̀ sí òpó. Òun nìkan ni mo gbà pé ó yẹ kí èèyàn ná owó lé lórí ní ìgbésẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí gbogbo ibi inú ilé bá ti kùnà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ta ló ń jẹ dátà nínú ilé?

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí Task Manager ṣí, kí ẹ tẹ orí Network. Èyí tó ń jẹ dátà jù á gòkè wá. Windows Update, OneDrive àti Google Drive ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, ẹ yan Wi-Fi yín, kí ẹ tan Metered connection; Windows á dín ohun tó ń fà lábẹ́lẹ̀ kù gan-an. Àmọ́ ẹ má pa Update pátápátá, nítorí ààbò kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lóru tí dátà òru bá wà.

Ẹ tún wo inú ojú ìwé ẹ̀rọ yín kí ẹ ka iye fóònù tó wà lórí rẹ̀. Àlejò tí ẹ fún ní páásíwọ́ọ̀dù lọ́dún tó kọjá ṣì lè wà níbẹ̀, fóònù rẹ̀ á sì máa kó fọ́tò lọ sí Google Photos bó bá ti wọlé. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà.

Bí kò bá sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ nílé, tí ping sì ń fò láti aago méje alẹ́ sí mọ́kànlá, tó wá dára ní aago márùn-ún ìdájí, òpó àdúgbò yín ló kún fún èrò. Ẹ lè dán síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn wò nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ẹ yá a lọ́wọ́ aládùúgbò fún alẹ́ kan ná kí ẹ tó ra tiyín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ping ń dáhùn, Chrome kò ṣí

Ẹ kọ́kọ́ wo aago àti ọjọ́ kọ̀ǹpútà. Lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, bátìrì kékeré CR2032 inú rẹ̀ máa ń kú, ọjọ́ á padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Ìkànnì tó ní ààbò kò ní gbà kí ẹ wọlé. Wọ́n á máa kọ Your connection is not private. Ẹ tún aago ṣe, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì náà, kò wọ́n.

Bí aago bá péye, ẹ wò ó bóyá VPN kan, ètò tó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn kọjá, ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ pa á. Lẹ́yìn náà ẹ yí DNS padà sí 8.8.8.8 àti 1.1.1.1. DNS ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà nọ́ńbà tí orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Tí kò bá dáhùn, orúkọ kankan kò ní ṣí. Ẹ wá ṣí cmd pẹ̀lú Run as administrator, kí ẹ kọ ipconfig /flushdns, lẹ́yìn rẹ̀ netsh winsock reset, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn.

Ìgbésẹ̀ 7: Láti òpó lọ sí òkè òkun

Bí RSRP àti SINR bá dára, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ dátà, tí ping kejì sì dákẹ́, ìṣòro ti kúrò lọ́wọ́ yín. Wọ́n lè ti gé wáyà fáíbà níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, epo lè ti tán níbi òpó. Ìgbà míì, ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì bàjẹ́ ní Nàìjíríà, Gánà, Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó yí síìmù padà lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó fọ́mátì kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó ran an lọ́wọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò àti ará tó wà ní ìlú mìíràn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Bó bá jẹ́ àdúgbò yín nìkan ló ń ṣe, ẹ pe 300, ìlà àwọn oníbàárà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Ẹ má kàn sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ẹ sọ ọjọ́ àti aago tó ń já, orúkọ òpópónà àti àdúgbò, RSRP àti SINR tí ẹ rí, àti pé ping sí ẹ̀rọ inú ilé kò já rárá. Ẹni tó gbé ìpè á mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ, kò sì ní máa sọ pé kí ẹ lọ pa fóònù kí ẹ tún un tàn. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan náà. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni; nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.